Ta Ní Ń Sinmi?

Ìbéèrè kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ orin kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ìsinmi: "Ìgbà wo lẹ óò wọlé padà?" Ẹni tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tàbí ìmọ̀ òfin lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀rọ̀ sì tán. Ti akẹ́kọ̀ọ́ orin kì í tán. Ìyá rẹ̀ yóò bi í, àbúrò ìyá rẹ̀ yóò bi í, ará àdúgbò tí ó yà láti gba omi mu yóò bi í, pàápàá bí ó bá bá a níbi tí ó ti ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lu tábìlì ìjẹun bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ọjọ́ ìwọlé kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ wọn ni pé: ìgbà wo ni ìwọ yóò lọ kí ojú wa má baà máa rí ọ báyìí, kí á lè máa sọ fún ara wa pé ẹ̀kọ́ ni o wà lẹ́nu rẹ̀?

Àwọn tí wọ́n gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ orin kì í ṣe nǹkan kan láàrin sáà ẹ̀kọ́ kan sí èkejì ni mo fẹ́ bá jà nínú àròkọ yìí. Wọ́n pọ̀. Òbí wà nínú wọn, àlùfáà wà nínú wọn, àwa olùkọ́ náà sì wà nínú wọn. Bóyá àwa gan-an ni olórí wọn. Ní tèmi, ìgbà ìsinmi ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ń kọ́ iṣẹ́ orin bí a ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí a ń kọ́ wọn nínú kíláàsì, ìmọ̀ nípa orin ni. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ̀ nípa ẹṣin, ọ̀tọ̀ ni kí ó gùn ún.

Ẹ jẹ́ kí á bá ọ̀kan nínú wọn jí. Ilé rẹ̀ lè wà ní Òṣogbo, ó lè wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò tó nǹkan. Kò sí dùùrù nínú ilé, nítorí dùùrù gidi kì í ṣe ohun tí owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń rà. Nítorí náà ó ti wá páálí kan, ó fi rúlà àti bírò ya ojú dùùrù sí i, ti funfun àti ti dúdú, ó sì fi í lélẹ̀ lórí tábìlì. Páálí náà kò dún. Etí inú ni ọmọ náà fi ń gbọ́ ohun tí ó ń tẹ̀, bí ìka rẹ̀ bá sì ṣì í, òun nìkan ni ó mọ̀. Kí aago méje tó lù, ó ti dé ilé ìjọsìn, nítorí ibẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù wà, àti nítorí pé iná tí ó wà láàárọ̀ lè má sí lọ́sàn-án. Bí iná bá lọ, kò sí ẹni tí yóò tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹnì kan ṣoṣo tí ó ń tẹ do-re-mi lọ sókè bọ̀ wá sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ó di ìsọ̀ ìyá rẹ̀: kí ó gbé páálí ọjà, kí ó kà á, kí ó wá ṣẹ́ńjì. Ní aago mẹ́rin ó ní ọmọ méjì tí ó ń kọ́ ní dùùrù nínú ilé olówó kan. Dùùrù wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ó di ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin. Ọjọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, òde àríyá. Ọjọ́ Àìkú, ìsìn méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Bí ó bá wá di Ọjọ́ Ajé tí ó sùn di aago mẹ́wàá, ọjọ́ náà gan-an ni àbúrò ìyá rẹ̀ yóò dé, tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà tí yóò ní: "Ọmọ yìí mà ń sùn o! Ìgbà wo lẹ óò wọlé padà?"

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kò ní sọ sí i lójú tí wọn yóò sọ lẹ́yìn rẹ̀: alágbe. Àwọn òbí tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù ba ọmọ wọn kò lè sọmọ lórúkọ láìsí orin, wọn kò lè sin òkú àgbà láìsí ìlù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìlú tí a ti ń fi ọba jẹ níbi tí gbogbo ènìyàn ti pa lọ́lọ́. A fẹ́ràn orin, a kò fẹ́ kí ọmọ wa kọ ọ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, n kò sì ní fi àkókò òǹkàwé ṣòfò lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé ìjọsìn ni ó dùn mí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lo ọmọ náà jù. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọ kan nígbà tí wọ́n ń ka ìnáwó ìkórè. Ẹni tí ó yá wọn ní àga gba owó rẹ̀. Ẹni tí ó ta kánópì gba owó rẹ̀. Ẹni tí ó gbé jẹnẹrétọ̀ wá gba owó rẹ̀, ó tún gba owó epo. Nígbà tí ó kan ọmọ tí ó jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, alága ní kí á gbàdúrà fún un. A sì gbà á. Àmín tí mo ṣe lọ́jọ́ náà wúwo lẹ́nu mi. Bí àdúrà bá tó owó iṣẹ́, kí á fi san ti oníkánópì náà.

Síbẹ̀ n kò lè ba ilé ìjọsìn jẹ́ tán, nítorí pé ó ń kọ́ ọmọ náà ní ohun tí àwa kò kọ́ ọ. Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀ rí, ẹ óò mọ bí ó ti máa ń rí. Àlùfáà ń sọ̀rọ̀ lọ, ìyá àgbà kan ní ìlà kẹta sì dìde láìfi lọ ẹnikẹ́ni, ó da orin. Kò béèrè ibi tí kíbọ́ọ̀dù wà. Ibi tí Ẹ̀mí gbé ohùn rẹ̀ lé ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì lè wà láàrin ohùn méjì tí kò sí lójú dùùrù rárá. Kí ó tó kọ ìlà kìn-ín-ní tán, ọmọ náà ti gbọ́dọ̀ rí "kíì" orin náà, kí ó mọ ibi tí orin ń lọ, kí ó sì fi ohùn ìsàlẹ̀ gbé ìyá náà ró kí ó má baà já lulẹ̀. Kí ó tó mí, ẹlòmíràn ti da òmíràn. (Mo mọ̀ pé bọ́tìnnì kan wà lára kíbọ́ọ̀dù òde òní tí ó ń gbé ohùn lọ sókè sódò, tí ọ̀lẹ fi ń tẹ gbogbo orin ayé láti ojú kan ṣoṣo. Àwọn tí kò lo bọ́tìnnì náà ni mò ń sọ.) Ní ti ìdánwò etí tí àwa ń ṣe fún wọn ní yunifásítì, a ó kọ́kọ́ sọ "kíì" náà fún wọn, a ó tẹ do fún wọn, a ó sì tẹ ohùn náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí ó gba máàkì kékeré nínú ìdánwò yìí tí ìyá kankan kò sì lè dàrú mọ́ lójú ní Ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀rù ń bà á ní ọ̀dọ̀ wa ni.

Ọ̀rọ̀ ohùn èdè tún wà ńbẹ̀. Gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó lọ sílé ìwé ni ó mọ̀ pé èdè wa ní ohùn mẹ́ta, dò, re, mí, àti pé bí orin bá gbé ọ̀rọ̀ gba ibi tí ohùn rẹ̀ kò gbà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó di. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere àti àwọn ògbufọ̀ wọn kò ka èyí sí nígbà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn baba wa sì kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin tí ìtumọ̀ rẹ̀ wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti (1855–1930) ti Abẹ́òkúta wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi orin tí ó bá ohùn èdè mu sínú ìsìn. Ní 1922 ó kọ orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. T. K. E. Phillips, tí ó ń tẹ ọ́gáànù ní Kàtídírà Marina ní Èkó, ṣe ìwé lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ ẹ́ lógún níbẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún sí ìgbà náà. Ẹ bi mí léèrè pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni a fi ń kọ́ ọmọ kíláàsì wa bí yóò ti ṣọ́ra kí ohùn méjì má ṣe fi àlàfo márùn-ún rìn tẹ̀lé ara wọn gẹ́gẹ́ bí òfin àwọn ará Jámánì àtijọ́; n óò dá yín lóhùn pé ó pọ̀. Ẹ bi mí pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni a fi ń kọ́ ọ bí a ti ń gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí ohùn orin. Ojú ń tì mí láti dáhùn.

Ta ni ó wá ń kọ́ ọ? Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ sọ fún mi pé nígbà ìsinmi kan, ìjọ wọn ní kí ó ṣe orin tuntun fún ìkórè. Ó kọ ọ́ bí a ti kọ́ ọ, ohùn mẹ́rin, gbogbo òfin pé. Ọkọ̀ ìgbàlà ni orin náà dá lé lórí. Ó gbé e lọ síwájú àwọn akọrin, wọ́n kọ ọ́, ìyá arúgbó kan tí kò mọ̀wé sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé oko la fẹ́ lọ ro ni?" Ohùn orin ti gun òkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kí ó wálẹ̀, ọkọ̀ sì ti di ọkọ́. Òru ọjọ́ náà ni ó tún un kọ. Láti ọjọ́ náà, ó ní òun kì í kọ do kan sílẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé òun kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ náà sókè. Ọdún mẹ́rin ni ó lò lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rín ìyá kan ni ó kọ́ ọ ní èyí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni mò ń sọ, kí ó wo àwọn tí a gbé àwòrán wọn kọ́ sára ògiri ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Fẹlá Ṣówándé (1905–1987) jókòó lẹ́bàá Phillips ní Kàtídírà láti ìgbà èwe rẹ̀, ó sì tún ń bá àwọn ẹgbẹ́ eléré ijó ṣeré ní Èkó; nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù, orin jáàsì ni ó fi ń jẹun kí ó tó gba oyè ńlá àwọn atẹ-ọ́gáànù ilẹ̀ náà. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì wọ Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ kíláàsì ni ẹgbẹ́ eléré rẹ̀ kìn-ín-ní ti yọ. Akin Euba (1935–2020) náà ti Trinity kan náà jáde, ó mọ dùùrù dé góńgó. Síbẹ̀ nígbà tí ó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Legon, Gánà, ní 1974, orin dùndún ni ó kọ ìwé lé lórí, ó sì di dandan kí ó padà lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn onílù. Ìwé tí ó ṣe lórí rẹ̀ jáde ní 1990. A ń fi orúkọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí yangàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe ohun tí wọ́n ṣe, a ó ní ó ń fi ìgbà rẹ̀ ṣòfò.

Mo ti sọ̀rọ̀ títí bí ẹni pé àwọn ẹlòmíràn ni ó jẹ̀bi. Ó tó àkókò kí n kan ara mi.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì kan tí kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Kò tíì pé ọdún méjì tí èyí tí ó gba oṣù mẹ́sàn-án ní 2020 parí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ pé mò ń yin ìyanṣẹ́lódì; ohun tí ó jẹ àwọn ọmọ náà níyà kò ṣeé fẹnu sọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà wá mọ́. Mo kàn ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá lórí dùùrù, ń bá ẹgbẹ́ eléré jùjú kan tẹ kíbọ́ọ̀dù lóde àríyá ní agbègbè Òṣogbo. Kò mọ ibi tí orin ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ bí ìlù bá ti pọ̀, nítorí náà ó ń ka ení èjì ẹ̀ta ẹ̀rin jẹ́jẹ́ lábẹ́ ètè, bí a ti kọ́ ọ. Bàbá arúgbó kan tí ó gbé ìyá ìlù kọ́ èjìká rí i. Ó dúró tì í, ó ní: "Ọmọ yunifásítì, kí lò ń kà? Ṣé owó ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó gbé e dé agboolé Bàbá náà ní ọjọ́ kejì. Ọmọ Àyàn kì í ti orí ìyá ìlù bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì tìtorí ìwé tí ó kà yí ìyẹn padà. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ó ń bá wọn ru ìlù lọ sóde, ó ń wo bí wọ́n ti ń fa ọṣán, bí wọ́n ti ń fi ìda sójú gúdúgúdú, ó sì ń pọn omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé kẹríkẹrì lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kí ó máa lu ohùn kan ṣoṣo, kí ó má sì fi kún un. Oṣù mẹ́ta kọjá kí ó tó fọwọ́ kan ìyá ìlù. Ó sọ ohun tí ó kọ́ fún mi lẹ́yìn náà, mo sì kọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní òun ti ń wá ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìyá ìlù, nítorí òun ni ó ń pariwo jù. Wọ́n ní kí òun lọ wá a nínú gúdúgúdú tí kì í sọ̀rọ̀, tí kò sì yí ohùn padà, àti ní ẹsẹ̀ àwọn tí ń jó. Ó ní dò, re, mí tí òun mọ̀ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tó: bí onílù bá fẹ́ pe "Yorùbá", kì í fo láti dò sí mí bí ìka ti ń fò lórí dùùrù; ṣe ni ó ń fún ọṣán díẹ̀díẹ̀ kí ohùn máa gùn lọ, bí ohùn ẹnu wa ti ń ṣe é gan-an láìjẹ́ pé a fura. Ó ní Bàbá a máa lu gbólóhùn kan, a sì ní kí òun wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó lè jẹ́, kí òun sì sọ èyí tí ó yẹ fún ẹni tí ó ń wọlé bọ̀. Láti mọ èyí, ó ní láti mọ ọmọ Oníkòyí yàtọ̀ sí ọmọ Ọlọ́fà, ó sì ní láti mọ oríkì wọn. Ó wá ń kọ́ ìtàn, ó ń kọ́ èdè, ó ń kọ́ ìwà. Gbogbo èyí ni ilé ń wò tí wọ́n ń pè ní oṣù mẹ́jọ àìríṣẹ́ṣe.

Nígbà tí ó di ọdún kẹrin tí ó kù kí ó ṣe eré ìdánwò àṣekágbá, ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa. Ó ti kọ orin kan fún dùùrù, gúdúgúdú àti ìyá ìlù, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó bẹ̀ wá kí á jẹ́ kí ó fi í ṣe ìdajì eré náà. A jíròrò lé e. Ẹnì kan ní, "Ta ni yóò fún un ní máàkì?" Ẹlòmíràn ní bí a bá gba èyí láyè, lọ́dún tí ń bọ̀ ẹnì kan yóò ru igbá wá. A rẹ́rìn-ín. Alága ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn nawọ́. Mo nawọ́. Mo mọ orin náà, mo ti rí i nínú ìwé, mo mọ̀ pé ó dára ju ohun tí èmi fúnra mi kọ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ kò dárúkọ rẹ̀, èmi kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní ẹni tí ń ba ìlànà jẹ́. Ìyẹn nìkan ni ìdí tí mo ní.

Ọmọ náà tẹ sónátà Beethoven tí wọ́n ń pè ní Pathétique. Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, a sì fún un ní máàkì tí ó tọ́ sí i. Ó ti bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Bàbá lè wá gbọ́ mi?" Bàbá wá. Ó wọ agbádá, ó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, kò mira títí orin náà fi parí. Nígbà tí a ń jáde, ó kí mi, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi pé: "Ọ̀gá, ẹni tí ó kọ orin yìí, ta ni ó ń kì?" Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní kò ki ẹnikẹ́ni, pé orin lásán ni. Mo dé ilé kí n tó rántí pé irọ́ ni mo pa fún àgbàlagbà. Nígbà tí orin náà jáde ní 1799, orúkọ ọmọ ọba Karl von Lichnowsky wà lára rẹ̀, ẹni tí ó ń gbọ́ bùkátà Beethoven nígbà náà. Òun ni ó kọ orin náà fún. Láti ọdún pípẹ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin yìí. N kò bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn rí.

Mo mọ èsì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò fún mi. Wọ́n ní òde àríyá ń ba ọwọ́ jẹ́, ọmọ tí ó bá ti mọ adùn owó Ọjọ́ Àbámẹ́ta kò ní fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tí ó le mọ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí ó ti òde dé tí etí rẹ̀ ti kú sínú ariwo ẹ̀rọ, tí kò lè tẹ nǹkan kan jẹ́jẹ́ mọ́. Mo ti rí èyí tí ọtí gbé lọ. Àwọn kan ń fi ìnáwó àwọn oníyàrá àríyá ṣe owó ilé ìwé, ìyẹn pàápàá kò sì dúró sójú kan mọ́: òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka owó níná sórí òṣèré sí ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí a kò kọbi ara sí i, àfi ìgbà tí ó di 2024 tí ilé ẹjọ́ kan ní Èkó tìtorí rẹ̀ rán ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. N kò sọ pé kí á da ọmọ sóde kí á máa wò ó. Ohun tí mò ń sọ ni pé òun ti wà lóde náà, pẹ̀lú àṣẹ wa tàbí láìsí i, àti pé bí a ti kọ̀ láti bá a dé ibẹ̀ ni kò jẹ́ kí á mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí òde ń bàjẹ́ àti ẹni tí òde ń kọ́.

Ní 1973 ni ìjọba àpapọ̀, láti ọwọ́ àjọ ITF, dá ètò SIWES sílẹ̀, kí ọmọ tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ baà lè lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́, kí ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ, kí á sì fún un ní máàkì fún un. Kò sí ẹni tí ó ń bi ọmọ náà pé ìgbà wo ni yóò wọlé padà. Ọmọ orin tí mo mọ̀ tí wọ́n rán lọ síbi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ rédíò kan ni wọ́n rán an lọ, wọ́n sì fi í sídìí ṣíṣe tíì. Mo wá kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka wa. Mo ní kí á ka ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nínú ìsinmi ọdún kejì sí ẹ̀kọ́. Kí ọmọ yan agboolé onílù kan, tàbí ìjọ kan tí yóò san owó fún un, tàbí ẹgbẹ́ eléré kan tí a mọ olórí rẹ̀. Kí ó padà wá pẹ̀lú ohun tí ó kọ́, kí ó ṣe é lójú wa. Kí ẹni tí ó kọ́ ọ sì bá wa jókòó láti fún un ní máàkì. Mo ní kí á fi owó díẹ̀ ṣe ẹ̀yẹ fún onítọ̀hún. N kò kọ ju ojú ìwé méjì lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ nawọ́ lọ́jọ́ náà ni lẹ́tà náà dé ọwọ́ rẹ̀. Ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ mi dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé máàkì, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn onílù náà kò mọ̀wé? Mo ní kí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Lẹ́tà náà ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a parí ìdánwò sáà kìn-ín-ní, ilé ẹ̀kọ́ sì ti dá páropáro. Ọmọ ọdún kejì mẹ́ta wá bá mi nílé kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo mọ ọ̀nà agboolé Bàbá náà. Mo ya ọ̀nà náà fún wọn sórí bébà, mo sì sọ fún wọn pé wọn yóò kọ́kọ́ pọn omi.